Iná wà, owó wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò sí: bí a ṣe lè ṣáàjì mọ́tò oníná ní Èkìtì láìgbé ọkàn lé áàpù

Mọ́tò oníná kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gba iná. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti ki púlọ́ọ̀gì bọ ojú mọ́tò, wáyà tín-ín-rín kan wà nínú okùn ṣáàjì tí ẹ̀rọ àti mọ́tò fi ń sọ̀rọ̀: ẹ̀rọ á sọ iye amp tó lè fún un, mọ́tò á dáhùn pé òun ti ṣe tán, ẹ̀rọ á sì ṣí iná sílẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Kò sí síìmù, kò sí áàpù, kò sí OTP níbẹ̀. Owó ló kó gbogbo wọn wọlé. Ẹni tó ni ẹ̀rọ fẹ́ mọ ẹni tó ń fa iná òun àti bí yóò ṣe san án, ìyẹn kò sì burú. Ohun tó burú ni pé wọ́n so ṣíṣí iná mọ́ ìdáhùn tó gbọ́dọ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá, tó fi jẹ́ pé iná lè wà, owó lè wà lápò, kí mọ́tò sì dúró síbẹ̀ láìrí nǹkan kan gbà.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí àṣẹ náà ń gbà. Ẹ tẹ "Start" lórí fóònù. Fóònù á gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ kàn sí sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá) ilé iṣẹ́ tó ni áàpù, èyí tó lè wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Sáfà yẹn á bi ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó, ìyẹn náà á bi báńkì yín. Bí báńkì bá ní kò sí wàhálà, èsì á padà dé ọ̀dọ̀ sáfà, sáfà á wá ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ṣáàjì nípasẹ̀ síìmù tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ náà. Ìlànà tí sáfà àti ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní OCPP, ẹ̀dà 1.6, tó jáde ní 2015, ló ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ títí di òní. Ẹ̀rọ gbọ́ àṣẹ, ó ṣí iná. Ẹ wò ó dáadáa: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìta, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín àti ẹ̀rọ tó wà níwájú yín kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ rárá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, sáfà kan, ilé iṣẹ́ owó kan àti báńkì kan ló wà láàárín wọn. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá sùn, ẹ ò ní í rí iná gbà.

Ní tiwa níhìn-ín, òkè ló yí wa ká. Ẹni tó bá ń gba Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe máa ń lọ lójú fóònù bí òkè bá ti dí òpó. Katakata tó ń la ọ̀nà lè gé wáyà tó wà nílẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì lè tán lórí òpó, kò sì sí èyí tó kan ọlọ́kọ̀ nínú méjèèjì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òkun ni wàhálà ti ń wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já ní tòsí Abidjan, áàpù àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà sì dákẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí CBN ń pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà sì wọ́n, gbogbo ìlú rọ́ lọ sórí tiransífà, àwọn áàpù báńkì kò sì lè gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìrẹsì lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ lè bẹ ìyá ọlọ́jà pé kó fún òun ní àwìn. Ẹ̀rọ ṣáàjì kì í ta àwìn.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà lára ògiri ilé yín tó ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: mítà onítókìn. Ẹ lè ra iná lórí áàpù, ẹ lè tẹ kóòdù USSD, ẹ sì lè mú owó bébà lọ bá ẹni tó ń ta á ní Ìjìgbò. Nọ́ńbà 20 ni wọ́n máa fún yín. Ọmọ yín tó wà l'Ékòó lè rà á, kó sì pè é fún yín lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú mítà, mítà fúnra rẹ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti gbé sínú rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nọ́ńbà kan náà kò sì lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àkókò tí wọ́n tà á wà nínú rẹ̀. (Ìṣirò àkókò yẹn ló pé lọ́jọ́ 24 oṣù kọkànlá 2024, tí wọ́n fi ní kí kálukú kọ́kọ́ tẹ àwọn nọ́ńbà ìyípadà kan kó tó tẹ tókìn tuntun. Ẹni tí kò tẹ̀ ẹ́, mítà rẹ̀ kọ tókìn.) Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wúlò nígbà tí ẹ ń sanwó, kò wúlò nígbà tí ẹ ń gba iná. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra mọ́tò oníná àti ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ ṣáàjì kalẹ̀ ní Èkìtì mú lọ́wọ́ dání.

Ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbára lé

Ẹni tó ń gbé Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ọ̀yẹ́ kò nílò ẹ̀rọ ìta fún ìrìn ojoojúmọ́. Adó sí Àkúrẹ́, lílọ àti bíbọ̀, bí 100 km ni. Mọ́tò kékeré bíi Nissan Leaf máa ń jẹ nǹkan bíi kWh 16 sí 18 (kWh ni yúníìtì tí mítà yín ń kà) lórí 100 km, bí ẹ bá sì tan A/C tí ẹ tún ń gun òkè, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ṣáàjì fúnra rẹ̀ ń fi iná ṣòfò, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹ ka kWh 20 lórí mítà fún ìrìn yẹn. Ní iye Band A ti oṣù keje 2024, ₦209.50 fún kWh kan, owó rẹ̀ jẹ́ ₦4,190. Ẹ ra tókìn kó tó tán, kì í ṣe lóru tí ẹ máa jáde láàárọ̀, nítorí ibi tí ẹ ti ń ra tókìn yẹn náà lè sùn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta lásán lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má fa 13 amp lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì á gbóná, á yọ́. Ẹ dá a dúró sí 10 amp, kódà 8 bí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá ti gbó. 10 amp ní 230 fólìtì jẹ́ 2.3 kW. Bátìrì kWh 40 tó wà ní 20% tí ẹ fẹ́ gbé dé 80% nílò kWh 24. Ó máa gbà tó wákàtí 12. Ẹni tó wà ní Band A, níbi tí wọ́n ti ń retí wákàtí 20 lójúmọ́, á sùn, á jí, mọ́tò á ti dé 80% yẹn. Ẹni tó wà ní Band D, wákàtí mẹ́jọ, á rí bíi kWh 16 sínú bátìrì, èyí tó jẹ́ ìrìn bí 90 km. Ìyẹn náà tó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kúrò láàárín Basiri sí Àjílọ́sùn.

Bí ẹ bá lè ná owó díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fa wáyà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láti bọ́ọ̀dù wá síbi tí mọ́tò ń sùn sí. Fún 16 amp, wáyà bàbà 4 mm² ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á ní 2.5 tó. Fún 32 amp, tó ń fúnni ní bíi 7.4 kW, kò gbọdọ̀ kéré sí 6 mm². Bíréékà tirẹ̀ lọ́tọ̀, àti RCD (ohun tó ń gé iná kíákíá bí iná bá ń jò) 30 mA tó jẹ́ Type A ó kéré tán. Kí ẹ sì ri irin earth mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo ń tẹnu mọ́ earth nítorí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró: àpótí tó wà lára okùn ṣáàjì máa ń dán an wò kó tó ṣí iná, bí kò bá rí i, iná pupa ló máa tàn, ẹni tó ni ín á sì rò pé mọ́tò ti bàjẹ́.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀. Nẹ́tírà (wáyà tí iná ń gbà padà) jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà so mọ́ earth, àpótí ṣáàjì á wò ó, á ní kò sí earth, á kọ̀. Oníṣẹ́ iná lè so méjèèjì pọ̀ lára jẹnẹrétọ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ó rí i dájú pé kò sí bí ìsopọ̀ yẹn ṣe lè kan iná ìjọba nígbà tí ẹ bá yí i padà. Lórí inverter, ẹ fà á sílẹ̀ sí 6 amp, òun ló kéré jù tí mọ́tò lè gbà: bíi 1.4 kW nìyẹn. Inverter 5 kVA lè gbé e pẹ̀lú fáànù àti gílóòbù, ọ̀sán nígbà tí sólà ń ṣiṣẹ́ ló sì dára jù.

Ẹni tó ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí okùn tó bá a wá. Bí ó bá jẹ́ 120 V nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má kì í bọ iná wa. Á jó. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 100–240 V sí lára.

Áàpù mọ́tò fúnra rẹ̀

Ẹ̀ka mìíràn wà tí àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ kì í rò. Mọ́tò oníná sábà máa ń ní áàpù tirẹ̀, tó ń fi iye iná inú bátìrì hàn, tó sì ń dá aago ṣáàjì. Ẹni tó kọ́kọ́ ni mọ́tò yẹn ní Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì lè ṣì wà lórí àkáǹtì náà, ẹ ò sì ní lè wọlé àfi tó bá yọ ara rẹ̀ kúrò. Ilé iṣẹ́ náà tún lè má fún Nàìjíríà láǹfààní áàpù. Ó sì lè kú pátápátá: ní oṣù kẹrin 2024, Nissan ti áàpù àwọn Leaf àtijọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G ni ẹ̀rọ inú wọn ń lò. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Enel X Way kó iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, áàpù àwọn ẹ̀rọ ṣáàjì JuiceBox sì bá a lọ. Ẹ̀rọ inú ilé ṣì ń fúnni ní iná, nítorí kò dúró de sáfà kó tó ṣí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn: bí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ ṣáàjì fún ilé, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé, bí áàpù bá kú lónìí, ṣé ẹ̀rọ á ṣì ṣiṣẹ́? Bí bọ́tìnì tàbí kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀ tí a lè fi dá amp dúró, ẹ rà á. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ áàpù, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Aago ṣáàjì, ẹ dá a lójú pátákó inú mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí iná àdúgbò yín kò bá ní àkókò pàtó, ẹ má dá aago kankan rárá. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò máa gba iná nígbàkúgbà tó bá dé.

Bí ẹ bá máa lo ẹ̀rọ ìta

Adó sí Èkó lé ní 300 km, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìta ti ń di dandan, ibẹ̀ náà sì ni áàpù ti ń dọ̀gá. Ẹ múra láti ilé. Ẹ gbé áàpù náà sórí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ gba OTP, ẹ fi káàdì sí i tàbí kí ẹ fi owó sínú àpò rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ mọ̀ pé kò ní í tún bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Iwájú ẹ̀rọ kọ́ ni a ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ wo irú ojú púlọ́ọ̀gì tó wà níbẹ̀: ẹ̀dà Leaf àkọ́kọ́ àti èkejì ń lo CHAdeMO fún ṣáàjì kíákíá, ọ̀pọ̀ mọ́tò Yúróòpù ń lo CCS2, ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà CCS1 tàbí NACS, àwọn mọ́tò tó ń ti Ṣáínà bọ̀ tààrà sì lè jẹ́ GB/T. Ọ̀kan kì í bọ́ sí òmíràn.

"Available" tí áàpù kọ kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ sọ kẹ́yìn ni, ó sì lè ti pẹ́ tó sọ ọ́. Bí áàpù bá ń fi ìgbà tí ẹnìkan lò ó gbẹ̀yìn hàn, ẹ wo ìyẹn. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ mélòó kan ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹ pe nọ́ńbà wọn kí ẹ tó kúrò ní Èkìtì, ẹ bèèrè bóyá iná wà níbẹ̀ àti bóyá ènìyàn wà níbẹ̀ tó lè gba owó.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́tìnì pupa ńlá tí wọ́n ń tẹ̀ bí ewu bá dé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ẹnìkan ló tẹ bọ́tìnì yẹn tí kò tú u sílẹ̀. Bí kò bá sí ewu kankan níbẹ̀, ẹ yí i, á yọ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀rọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù fúnra yín. Àmì QR tó wà lára ẹ̀rọ, ẹ má fi kámẹ́rà lásán yà á. Àwọn gbájú-ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù ti ń lẹ tiwọn mọ́ ojúlówó, tó ń gbé ènìyàn lọ sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń jí nọ́ńbà káàdì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yà á, inú áàpù ni kẹ́ ẹ ti yà á, kí ẹ sì fi ìka ha á wò bóyá ó jẹ́ ìlẹ̀mọ́ lórí ìlẹ̀mọ́.

Àwọn ẹ̀rọ kan fẹ́ kí púlọ́ọ̀gì kọ́kọ́ wọlé kí ẹ tó tẹ Start, àwọn mìíràn fẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ṣáájú. Ojú ẹ̀rọ á sọ fún yín. Èyí tí ẹ bá tẹ Start fún ṣáájú ní iye àkókò tó máa dúró, ó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú kan tàbí kó lé díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn á fagi lé e. Nítorí náà ẹ tú okùn sílẹ̀, kí púlọ́ọ̀gì wà lọ́wọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ torí pé áàpù ní "Started". Ẹ dúró títí pátákó inú mọ́tò á fi sọ pé òun ń gba iná, tí iye kWh lójú ẹ̀rọ á sì ti máa gòkè.

Bí kò bá ṣí ńkọ́? Bí owó bá ti kúrò tí iná kò wá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí nọ́ńbà ìdúnàádúrà àti aago hàn. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti mọ́tò, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un kì. Bí kò bá tún ṣe, ẹ pè wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún lè ṣí ẹ̀rọ fún yín láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ láìgba áàpù yín kọjá, bí ẹ̀rọ náà bá ṣì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ nọ́ńbà ẹ̀rọ, ẹ ní kó bá yín ṣí i. Ó tún lè pa á kó sì tún un tàn. Ẹ̀rọ tó ti dákú á sábà jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ láàárín ṣáàjì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ á sábà máa bá iṣẹ́ lọ, á kọ iye kWh pa mọ́, á fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Owó lè kúrò ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ ya àwòrán ojú ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, kí ẹ lè fi wé ohun tí wọ́n bá yọ.

Púlọ́ọ̀gì tó há ni ìṣòro tó ń kó ìdààmú bá ènìyàn jù, nítorí áàpù kò dáhùn, mọ́tò kò sì lè lọ. Ẹ má fà á tipátipá. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, nítorí lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò ìyẹn ló ń tú púlọ́ọ̀gì sílẹ̀. Bí kò bá ṣe é, ẹ ti mọ́tò, ẹ tún un ṣí, kí ẹ máa ti púlọ́ọ̀gì síwájú díẹ̀ bí ẹ ti ń ṣí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìwé mọ́tò: ọ̀pọ̀ ní okùn kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ní búùtù tí a ń fà nígbà tí iná bá ti dúró pátápátá. Ẹ wá ibi tó wà nílé, nígbà tí ara yín balẹ̀.

Ní ti owó, ẹ má tọ́jú owó púpọ̀ sínú àpò áàpù kankan. Ẹ ṣírò rẹ̀: kWh tí ẹ nílò, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, kó má baà tán lágbedeméjì. Àpò áàpù kì í ṣe báńkì. Bí ilé iṣẹ́ bá kógbá wọlé, ẹ̀yin lẹ máa máa wá owó yín kiri. Bí báńkì bá yọ owó tí kò dé ibi tó ń lọ, láti oṣù kẹfà 2020 ni CBN ti ní kí wọ́n dá owó POS àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó kùnà padà láàárín wákàtí 72. Ẹ fi àwòrán tí ẹ yà gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí báńkì, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ṣáàjì nìkan. Kí báńkì méjì wà lórí fóònù yín, síìmù méjì láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti páwà bánkì. Fóònù tó kú níwájú ẹ̀rọ tó ń lo áàpù nìkan, bíi pé ẹ ò lówó rárá ni.

Bí ilé iṣẹ́ náà bá ń fúnni ní káàdì tí a ń fi kan ojú ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní RFID, ẹ gbà á kódà bí wọ́n bá ń tà á. Òun ló súnmọ́ tókìn mítà jù nínú gbogbo ohun tó wà: ẹ̀rọ tí wọ́n bá tò dáadáa lè dá káàdì yẹn mọ̀ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀

Òtẹ́ẹ̀lì, ilé epo, yunifásítì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, nítorí ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé àdéhùn lónìí ni ọlọ́kọ̀ á máa bá yí fún ọdún mẹ́wàá. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára ju tiwa lọ, ìjọba ti rí i pé áàpù nìkan kò tó. Láti ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 2024, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí gbogbo ẹ̀rọ ìta tuntun tó bá tó 50 kW gba káàdì báńkì lójú ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún náà, Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹ̀rọ tuntun tó bá tó 8 kW, àti èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ tó bá tó 50 kW, máa gba káàdì tí a ń fi kàn án, kí nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ sì wà tọ̀sán-tòru. Òfin Iná Mànàmáná 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára lórí iná wọn, ní 2024 sì ni NERC, àjọ tó ń mójú tó iná ní Nàìjíríà, fa ìṣàkóso iná ní Èkìtì lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. A lè kọ irú òfin yẹn fúnra wa kí ẹ̀rọ tó pọ̀, ó sì rọrùn láti kọ ọ́ nísinsìnyí ju ìgbà tí wọ́n bá ti rì í mọ́lẹ̀ káàkiri lọ. Ṣùgbọ́n kí òfin wa má dúró sórí káàdì báńkì, nítorí káàdì báńkì náà ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí ó ní: ọ̀nà kan, ó kéré tán, tí kò fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń sọ OCPP 1.6 tàbí 2.0.1, kì í ṣe èyí tó mọ sáfà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ lè pààrọ̀ ilé iṣẹ́ bí èyí àkọ́kọ́ bá kógbá wọlé. Ẹ ní kí oníṣẹ́ tan ètò tí wọ́n ń pè ní LocalAuthListEnabled àti LocalAuthorizeOffline nínú ẹ̀rọ OCPP 1.6, kí orúkọ àwọn káàdì RFID tí ẹ ti tà wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. AllowOfflineTxForUnknownId, ẹ pa á, àìṣe bẹ́ẹ̀ káàdì èyíkéyìí ló máa ṣí iná nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Káàdì olówó pọ́ọ́kú kò dára; ní 2017 ni àwọn onímọ̀ ní Jámánì ti fi han gbogbo ayé bí ó ti rọrùn tó láti ṣe ẹ̀dà káàdì ṣáàjì, nítorí nọ́ńbà ara rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ń kà. Ẹ bèèrè irú tí wọ́n ń pè ní DESFire, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀rọ ń lo ààbò inú rẹ̀.

Ẹ fi ráútà onísíìmù méjì sí i, kí bátìrì kékeré máa gbé ráútà náà nígbà tí iná bá ṣẹ́. Ẹ kọ iye kWh kan sára pátákó ńlá ní náírà, kí ẹni tó ń wọlé rí i kó tó dúró. Kí òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ní káàdì ilé iṣẹ́ lọ́wọ́: oníbàárà á sanwó bébà, tàbí POS, tàbí tiransífà, òṣìṣẹ́ á fi káàdì kan ẹ̀rọ, á sì kọ kWh ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sínú ìwé. Àwọn ọmọ ilé epo wa ti mọ irú iṣẹ́ yẹn tipẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni okùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀rọ lé yín lọ́wọ́, kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí wọ́n yọ síìmù kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì bọ mọ́tò, ẹ fi káàdì tí ẹ ti tà kan ojú ẹ̀rọ, ẹ wò ó bóyá á ṣí. Ẹ fi káàdì tí kì í ṣe tiyín kàn án, kò gbọdọ̀ ṣí. Ẹ jẹ́ kó gba iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dá a dúró, ẹ dá síìmù padà, kí ẹ sì wo kọ̀ǹpútà bóyá kWh tó lò nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé síbẹ̀, kó sì bá èyí tó wà lójú ẹ̀rọ mu. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kùnà, ẹ má tíì buwọ́ lùwé.